Arbroath, ẹ kú àfẹ́kù

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo ṣe ṣíífù ọ̀sán ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kéà, bàbá kan tó wà ní yàrá ìkẹyìn dá mi dúró bí mo ṣe gbé tíì ẹ̀ wọlé. Kò bèèrè orúkọ mi, kò bèèrè ibi tí mo ti wá bí àwọn tó kù ṣe máa ń bèèrè, ó kàn ní kí n bá òun wo fóònù mi, kí n sọ iye tí wọ́n gbá fún òun. Mo ní iye tí ta ni gbá, sà? Ó ní àwọn Lichties. Ó sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn bá sọ pé òjò ń rọ̀, bíi pé kò sẹ́ni tó lè wà láyé kó má mọ àwọn Lichties. Oṣù Kẹwàá 2021 nìyẹn, a ò tíì pé oṣù méjì ní Dundee, ọkọ mi wá kàwé, èmi ń wá owó ilé àti owó oúnjẹ, ọmọ wa ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì ń sunkún ní gbogbo àárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Bọ́ọ̀lù Scotland tí mo mọ̀ nígbà yẹn ò ju Celtic àti Rangers lọ, Rangers náà torí pé Aribo àti Balogun wà níbẹ̀ ni.

Lichties ni ìnagijẹ Arbroath FC. Iná ni wọ́n ń pè ní "licht" ní èdè Scots, iná pupa kan sì ni wọ́n máa ń tàn ní èbúté Arbroath láyé àtijọ́ kí àwọn apẹja lè rí ọ̀nà wálé lálẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, wọn ò kàn sọ ara wọn ní kìnnìún tàbí ẹyẹ idì. Ìlú náà ò jìnnà sí Dundee rárá. Tẹ́ ẹ bá wọ réluwè ẹ ó kọjá Broughty Ferry, Monifieth, Carnoustie, omi á wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín títí tẹ́ ẹ máa fi débẹ̀, kò tó ìdajì wákàtí. Bàbá yìí, Arbroath ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Dundee, ó sì ti lò ju ogójì ọdún lọ ní Dundee láìwo kíláàbù méjèèjì tó wà ní Dundee lójú. Ó ń pè mí ní "hen", ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ni níbí, bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ní "ọmọ mi". Èmi ń pè é ní Bàbá, mo ti sọ ohun tó túmọ̀ sí fún un, ó sì ń dáhùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí líìgì wọn ṣe rí, torí láìsí i ọ̀rọ̀ yìí ò ní yé èèyàn. Kíláàbù 42 ló wà ní SPFL, ìyẹn líìgì Scotland lápapọ̀: 12 ní Premiership, lẹ́yìn náà Championship, League One àti League Two, 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Championship, ìgbà mẹ́rin lẹ máa bá kíláàbù kan náà gbá láàárín sáà kan, ẹ̀ẹ̀mejì nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lájò, gémù 36 ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló ń gòkè tààrà, òun nìkan. Ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin á lọ jà á ní play-off: ìkẹta àti ìkẹrin á kọ́kọ́ kojú ara wọn, ẹni tó bá yè á bá ìkejì gbá, ẹni tó bá tún yè níbẹ̀ á wá lọ kojú kíláàbù tó ṣe ìkọkànlá ní Premiership, ìgbà méjì méjì ni wọ́n sì ń gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé láti orí kìíní sí ìkejì, ọ̀nà tó wà níbẹ̀ gùn gan-an.

Ohun tó wá mú sáà 2021-22 yàtọ̀ ni pé nínú kíláàbù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà ní Championship, Arbroath nìkan ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ jẹ́ pátáìmù. Wọ́n níṣẹ́ míì tí wọ́n ń ṣe lójú ọ̀sán. Alẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tréníìn, tó bá wá di Sátidé wọ́n á lọ kojú àwọn tí kò níṣẹ́ míì láyé ju bọ́ọ̀lù lọ. Bobby Linn tó ń gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Dundee nígbà yẹn, ẹni ọdún 36 ni nígbà tí sáà yẹn parí, gbogbo ìlú ló mọ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní irọ́ ni, pé ẹni tó bá ń gbé ike ìdọ̀tí látàárọ̀ kò lè ní ẹsẹ̀ tó máa fi gé bẹ́ẹ̀kì tó fi ọdún méjìlá kéré sí i. Mo wá fídíò ẹ̀ jáde fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wò ó, ó dákẹ́, ó ní kí n tún un gbé.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àánú Linn ló ṣe mí o. Akáùńtáǹtì ni mí ní Ìbàdàn, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, mo ní lẹ́tà lẹ́yìn orúkọ mi, mo wá dé Dundee mò ń nu ẹnu àgbàlagbà, mò ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́ta òru, iṣẹ́ tó níyì ni, mi ò sọ pé kò níyì, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń wo yunifọ́ọ̀mù yẹn kí wọ́n má sì wo ìkankan mọ́ lára ẹ. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ Linn ni pé tó bá ti wọ pápá, bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀kì tó dúró níwájú ẹ̀ ò ní àyè láti bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Kóòṣì wọn nígbà yẹn ni Dick Campbell, bàbá ẹni ọdún 68 nígbà tí sáà yẹn fi parí, tí fìlà pẹlẹbẹ kì í kúrò lórí ẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń báwọn jà ṣùgbọ́n tí inú ẹ̀ ń dùn. Ìbejì ni. Ian, ìkejì ẹ̀, ni igbákejì ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe máa dùn mọ́ ọmọ Yorùbá nínú. Ọmọ mi ní Dick gbọ́dọ̀ jẹ́ Kẹ́hìndé, torí òun ló ń rán èkejì níṣẹ́. Ọdún 2016 ni Campbell dé Arbroath, League Two ni wọ́n wà, ìsàlẹ̀ pátápátá nínú SPFL. Ní 2017 wọ́n gba League Two, ní 2019 wọ́n gba League One, ní 2021 wọ́n ṣe ìkeje ní Championship, ìyẹn gan-an ti tó àwọn èèyàn láti máa dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n sí ìṣirò nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀. Kilmarnock ni gbogbo ẹnu ń pè, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti Premiership lẹ́yìn ọdún 28 lókè, kíláàbù tó ti gba líìgì Scotland pátápátá rí ní 1965, kíláàbù tó lówó.

Oṣù Kọkànlá ni mo kọ́kọ́ mú ọmọ mi lọ sí Gayfield, pápá Arbroath. Bàbá ló ní kí n mú un lọ. Mo ti ń sọ fún un pé ọmọ náà ò ní ọ̀rẹ́, ó ní kí n mú un lọ wo bọ́ọ̀lù gidi, kí n wọ gbogbo aṣọ tí mo bá ní. Mo rò pé ó ń sọ àsọdùn ni. Ẹ gbọ́, òkun Àríwá ló wà lẹ́yìn ògiri pápá yẹn. Mi ò sọ pé òkun wà nítòsí o, ẹ̀yìn ògiri ni mo wí, tí omi bá kún tí ìgbì bá ru, omi iyọ̀ á fò kọjá ògiri wá bá àwọn tó dúró. Wọ́n ní kò sí pápá bọ́ọ̀lù tó sún mọ́ òkun tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Yúróòpù. Láti 1880 ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Gayfield, orí ìdúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà, tó bá di ìsinmi hááfù táìmù wọ́n á kó ara wọn wọ́n á rìn yí ká lọ sí ẹ̀yìn góòlù kejì kí wọ́n lè máa wo ibi tí tiwọn ń kọlù. Ọmọ mi fẹ́ràn ìyẹn ju bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ lọ. Ogunlọ́gọ̀ àgbàlagbà tó ń rìn pọ̀ lọ síbì kan náà, òun náà wà láàárín wọn, ife Bovril, omi ẹran gbígbóná, lọ́wọ́ ọkùnrin kan, páì lọ́wọ́ òmíràn, wọ́n ń fi orí kí i bí ẹni tí wọ́n ti ń rí tipẹ́.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí mo mọ̀. Mo fojú ara mi rí i tí kíípà ta bọ́ọ̀lù sókè, tí ó lọ, tí ó dúró sójú òfurufú, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wá bá a. Àwọn tó bá wá láti ìlú míì á máa wo ojú ọ̀run, àwọn Arbroath ò wo ibì kan, wọ́n ti mọ ibi tó máa bọ́ sí. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ ni wọ́n máa gbá tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wọn, tó bá wà lẹ́yìn wọn wọ́n á gbé e sókè kó máa bá wọn lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní àǹfààní ilé nìyẹn, mi ò tíì rí ibi tó ti jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn gémù a gba ọ̀nà èbúté, mo sì gbóòórùn nǹkan kan tó jẹ́ kí n dúró. Ẹja yíyan. Arbroath smokie ni wọ́n ń pè é, haddock ni, méjì méjì ni wọ́n ń so ó pọ̀ ní ìrù, wọ́n á gbé e kọ́ orí ọ̀pá lókè iná igi líle, wọ́n á fi àpò tó tutù bò ó kí èéfín má bàa sá jáde. Abúlé Auchmithie tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra méjì, a dúró lójú títì a fọwọ́ jẹ ẹ́, ó gbóná, ó ń ṣómi epo, ojú mi kún fún omi torí ọjà Bódìjà ni mo wà lásìkò yẹn, èmi àti ìyá mi, ó ń yẹ ẹja wò kí wọ́n má ta jíjẹrà fún un. Ọmọ mi bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní afẹ́fẹ́ ni.

Bàbá ló sọ ìtàn 36-0 fún ọmọ mi nígbà tí mo mú un wá kí i. September 12, 1885, Scottish Cup, Arbroath pàdé Bon Accord láti Aberdeen, wọ́n gbá góòlù 36 sí wọn láwọ̀n, ọmọdé kan tó ń jẹ́ Jocky Petrie, ẹni ọdún 18, gbá 13 níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà yẹn, ní Dundee níbí, Dundee Harp gbá Aberdeen Rovers 35-0! Inú bàbá máa ń dùn sí góòlù kan tó wà láàárín 36 àti 35 yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń sọ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ ni 1972 sí 1975, torí sáà mẹ́ta yẹn ni Arbroath lò kẹ́yìn ní ìpele tó ga jù ní Scotland. Ó wà níbẹ̀. Ní 1974 wọ́n lọ na Rangers 3-2 nínú ilé wọn ní Ibrox. Ó sọ ọ́ fún mi tó ìgbà ogún, mi ò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan.

Bí sáà 2021-22 ṣe wá ń lọ nìyí: Arbroath ò jẹ́ kí wọ́n na àwọn. Ní gbogbo gémù 36, márùn-ún péré ni wọ́n pàdánù. Oṣù Kejìlá dé, Arbroath wà lókè tábìlì, àwọn oníròyìn láti London bẹ̀rẹ̀ sí í wá ya fọ́tò ògiri àti òkun, wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù nípa iṣẹ́ wọn. Michael McKenna, ọmọ mídífíìlì, ń gbá góòlù wọlé bí ẹni pé sítíráíkà ni, góòlù 15 ló fi parí líìgì, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ẹ̀ ló dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dára jù ní Championship. Ricky Little àti Thomas O'Brien wà lẹ́yìn bí ìlẹ̀kùn irin. Joel Nouble tí Livingston yá wọn ń da àwọn bẹ́ẹ̀kì láàmú títí oṣù Kìíní fi dé, Livingston wá ní kó máa bọ̀ nílé. Ọjọ́ tí ìròyìn yẹn jáde, bàbá ò jẹ oúnjẹ alẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa pé kò jẹun, nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló dé, mo ní wọ́n gba sítíráíkà wọn ni. Ní Kilmarnock ní tiwọn, wọ́n lé Tommy Wright lóṣù Kejìlá, wọ́n mú Derek McInnes wá, wọ́n mú sítíráíkà wọn àtijọ́, Kyle Lafferty, padà. Bí ẹni tó lówó ṣe ń ṣe nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ bà jẹ́. Arbroath ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, àwọn kan náà tó bẹ̀rẹ̀ ló máa parí ẹ̀, wọ́n sì máa lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ohun kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn nígbà yẹn. Ẹnu gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn jù. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Arbroath lórí tẹlifíṣàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, ìtàn aládùn, ìtàn bí àlá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni tó ń yin ọmọdé tó wọ bàtà bàbá ẹ̀. Èmi tí mo wà nílẹ̀ níbí, tí mò ń gbọ́ ohun tí àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Gayfield ń sọ, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń ṣírò. Ẹni tó dúró níwájú mi ní oṣù Kẹta ní ìwé kékeré kan tó kọ gbogbo gémù tó kù fún wọn àti fún Kilmarnock sí, ó ń fà á, ó ń tún un kọ. Wọ́n fẹ́ gòkè. Wọ́n fẹ́ kí Celtic àti Rangers wá dúró nínú afẹ́fẹ́ yẹn ní oṣù Kìíní.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 2022, Rugby Park, Kilmarnock, gémù kan ló máa kù lẹ́yìn ẹ̀. Kilmarnock ní 64, Arbroath ní 62. Tí Arbroath bá borí lálẹ́ yẹn, wọ́n á di 65, wọ́n á bọ́ síwájú pẹ̀lú pọ́ìǹtì kan, yóò wá ku ẹyọ gémù kan péré. BBC Scotland ń gbé e. Ṣíífù alẹ́ ni mo wà, mo ti bẹ ẹnìkejì mi pé kó bá mi wo kọ́rídọ̀ tó kù, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá. Arbroath ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Bàbá ò pariwo. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ẹ̀ tutù, ó ń wo ibi tí wọ́n ń kọ aago sí lójú tẹlifíṣàn, kò wo bọ́ọ̀lù mọ́, aago nìkan. Kilmarnock dá a padà. Ó di 1-1, ó ti lé ní ọgọ́rin ìṣẹ́jú, ó ṣì ń di ọwọ́ mi mú. Ìṣẹ́jú 89, Blair Alston. 2-1. Àwọn èèyàn Kilmarnock ya wọ pápá nígbà tó parí, líìgì ti di tiwọn. Mo fẹ́ pa tẹlifíṣàn, bàbá ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí i. Ó wo gbogbo ẹ̀ títí wọ́n fi gbé ife.

Nígbà tí líìgì parí, 67 ni Kilmarnock, 65 ni Arbroath. Kilmarnock pàdánù gémù mẹ́sàn-án, Arbroath pàdánù márùn-ún. Ọ̀mì 14 ló pa wọ́n. Ọ̀kan, ẹyọ ọ̀kan nínú mẹ́rìnlá yẹn, ká ní wọ́n borí níbẹ̀, 67 náà ni tiwọn. Mo jẹ́ akáùńtáǹtì, iṣẹ́ mi ni kí n wo nọ́ńbà kí n má jẹ́ kí ó dùn mí, èyí dùn mí.

Play-off wá dé. Inverness ló na Partick Thistle, wọ́n wá bá Arbroath. Gémù àkọ́kọ́ ní Inverness, 0-0. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, Gayfield, èmi àti ọmọ mi wà níbẹ̀, mo ti pààrọ̀ ṣíífù mẹ́ta kí n tó lè wà níbẹ̀. Ká sọ òótọ́, gémù yẹn ò dùn wò. Ara ti tán lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Réfúrì lé ọ̀kan lára àwọn Inverness jáde, nígbà tó yá ó tún lé ìkejì, mọ́kànlá wá ń bá mẹ́sàn-án gbá, gbogbo wa mí kanlẹ̀, a ní ó ti tán. Kò tán. Mẹ́sàn-án yẹn to ara wọn síwájú góòlù bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé, Arbroath ń gbé bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń gbé e wọlé, àfikún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lọ, kò sí góòlù. Pẹnáritì. Inverness 5, Arbroath 3. Mo gbé ọmọ mi sókè kó lè rí i, mo wá kábàámọ̀ pé mo gbé e sókè.

Inverness náà ò kúkú gòkè. St Johnstone tó ṣe ìkọkànlá ní Premiership bá wọn gbá 2-2 ní àkọ́kọ́, wọ́n wá na wọ́n 4-0 ní Perth.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn nínú réluwè, ọmọ mi bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ fún èèyàn ní Yorùbá tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé "ẹ kú ìgbìyànjú," ó ti dé ẹnu mi, ó sì dúró sí mi lọ́fun. Oṣù méjì ṣáájú, ilé iṣẹ́ kan ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kẹta, pé mo ṣe dáadáa gan-an, pé ó wú àwọn lórí bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ tí mo tún ń ka ìwé fún ìdánwò tuntun, pé kí n máa bá a lọ. Ẹnìkan míì ló gba iṣẹ́ náà. Gbogbo ẹni tí mo fi lẹ́tà yẹn hàn ló ní lẹ́tà tó dára ni. Ẹ kú ìgbìyànjú. Mi ò lọ síbẹ̀ láti gbìyànjú. Mo lọ síbẹ̀ láti gba iṣẹ́ yẹn, mo sì tó o gbà, mo mọ̀ pé mo tó o gbà.

Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún Arbroath ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Gbogbo ìwé ìròyìn ló pàtẹ́wọ́. Pátáìmù tó ṣe ìkejì, ẹ wò ó bó ṣe dára tó, ta ló rò ó, wọ́n ti ṣe ju ara wọn lọ. Wọ́n ṣe gudugudu méje lóòótọ́, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní wọ́n ṣe ju ara wọn lọ, ẹ ti sọ pé kì í ṣe tiwọn, pé bí ó ṣe bọ́ yẹn ló yẹ kó bọ́. Ẹni tó pàdánù pẹ̀lú pọ́ìǹtì méjì, tó wà níwájú ní Rugby Park kí Kilmarnock tó yí i padà, tó bá ẹni mẹ́sàn-án gbá nínú ilé ara ẹ̀ tí kò rí góòlù, nǹkan ẹ̀ ló sọnù. Yorùbá ní ìkíni fún ìyẹn. Tí owó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́nà ọjà, wọn kì í kí ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ kú àfẹ́kù ni wọ́n máa ń sọ, torí gbogbo wọn mọ̀ pé owó yẹn wà lọ́wọ́ ẹ, tìẹ ni, ó sì yẹ kó dùn ẹ́.

Bí mo ṣe sọ fún ọmọ mi nìyẹn. Ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pè é.

Nǹkan ò fìgbà kankan rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Sáà tó tẹ̀ lé e, agbára káká ni wọ́n fi dúró ní Championship. Campbell kúrò ní oṣù Kọkànlá 2023, ní 2024 wọ́n já sí League One. Mo ti kúrò nílé àwọn arúgbó nígbà yẹn, iṣẹ́ akáùńtì ni mò ń ṣe báyìí, ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ mi ò kúrò ní Gayfield. Colin Hamilton àti David Gold, àwọn méjèèjì wà nínú tíìmù 2022 yẹn, àwọn ni wọ́n jọ di kóòṣì, ní 2025 wọ́n gba League One, wọ́n sì padà sí Championship. Ọmọ mi ti ga jù mí lọ tán. Kò fẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú mọ́ tí a bá ń rìn yí pápá ká ní ìsinmi, ṣùgbọ́n ó ń dúró dè mí ní igun.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé pẹnáritì yẹn ni mo fẹ́ padà sí. Mo wọ yàrá bàbá ní aago méje àárọ̀. Ó ti jí, ó jókòó, ó ti fá irùngbọ̀n. Bọ́ọ̀dù funfun kan wà lára ògiri níwájú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tí a máa ń kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sí, kí ọjọ́ má bàa dàrú mọ́ wọn lójú. Láti òpin líìgì ni mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀ torí ó bẹ̀ mí: Kilmarnock 67, Arbroath 65. Ẹnìkan ti nù ún láàárín òpin ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ìkà, wọ́n rò pé wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ ni, ọmọbìnrin tó ṣe ṣíífù Sọ́ńdè ti sọ fún un pé kó má ronú sí i mọ́, pé wọ́n ṣe dáadáa.

Mo sọ fún bàbá pé ẹ kú àfẹ́kù. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ó bi mí pé ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn fún ẹni tí nǹkan ẹ̀ sọnù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbìyànjú láti pè é, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí bọ́ọ̀dù, ó ní kí n tún un kọ, kí n kọ ọ́ gàdàgbà kí òun lè máa rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo mú bírò, mo kọ ọjọ́, mo kọ orúkọ mi, mo wá kọ nọ́ńbà méjèèjì sí abẹ́ ara wọn.